Géèmù ọjọ́ iwájú mẹ́rin tó da oríṣiríṣi eré pọ̀: èwo lẹ máa mú?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta pé irú géèmù wo ni NieR: Automata. Ọ̀kan á ní géèmù idà ni. Èkejì á ní ó tì o, ọkọ̀ òfuurufú ni òun ń wà níbẹ̀, tí ọta kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta á ní ìtàn gan-an ni òun bá lọ, ìjà ò kan òun. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Géèmù tó ń sọ̀rọ̀ ayé ọjọ́ iwájú, tó tún kó oríṣi eré mẹ́rin-márùn-ún jọ, ti pọ̀ lọ́jà báyìí, gbogbo wọn ló sì ń polówó ara wọn pé kò sí ohun tí àwọn ò ní. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni bí wọ́n ṣe dà á pọ̀. Ibẹ̀ sì ni ẹni tó máa gbádùn ẹ̀ àti ẹni tó máa pa á tì lọ́jọ́ kejì ti ń yà.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé síwájú yín. Beyond Good & Evil ló dàgbà jù nínú wọn: ọdún 2003 ni Ubisoft gbé e jáde, ẹ̀ka wọn ní ìlú Montpellier nílẹ̀ Faransé ló ṣe é, Michel Ancel ló darí ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2024, èyí tí wọ́n tún ṣe yẹn ni mo ń bá yín sọ. NieR: Automata jáde ní 2017, PlatinumGames ló ṣe é fún Square Enix ní Japan, Yoko Taro ni olùdarí. 13 Sentinels: Aegis Rim náà, ọmọ Japan ni; Vanillaware ló ṣe é, wọ́n rí i lọ́hùn-ún ní 2019, ó tó 2020 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa yòókù. Àbíkẹ́yìn wọn ni Split Fiction, tí Hazelight, iléeṣẹ́ Josef Fares ní Stockholm, gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó wà nílé

Ká tó dé ibi adùn, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín, torí òun ló máa kọ́kọ́ yọ àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. PS4 àti Nintendo Switch nìkan ni 13 Sentinels wà fún. PS5 máa gba ti PS4 náà, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí Xbox nìkan ló ní, kó yáa máa fo gbogbo ibi tí mo bá ti dárúkọ ẹ̀. Split Fiction ò mọ PS4 rí ní tiẹ̀: PS5, Xbox Series, kọ̀ǹpútà àti Switch 2 ló ń lọ lórí ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ó kéré tán, ó ń béèrè RAM 8 GB, káàdì àwòrán bíi GTX 970, àti àyè 85 GB. Ẹni tó ń fi dátà fóònù wa géèmù wálẹ̀ mọ ohun tí 85 GB túmọ̀ sí nínú àpò rẹ̀.

NieR rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lórí PS4, Xbox One, Switch àti kọ̀ǹpútà, RAM 4 GB pẹ̀lú GTX 770 ni wọ́n ní ó kéré jù, àyè 50 GB. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó bá ní káàdì àwòrán gidi lè gbé e. Nígbà tí ti kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ jáde, àwòrán ẹ̀ máa ń ṣú, kò bá ojú kọ̀ǹpútà mu, àwọn tó ń ta á sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù keje ọdún 2021 kí wọ́n tó tún un ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá ka àròyé àtijọ́ nípa ẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ti Switch tó dé ní 2022 kò yára tó ti PS4, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i mọ́, ẹni tí kò bá gbé méjèèjì síra wọn ò lè mọ̀ pé nǹkan kan dín.

Beyond Good & Evil ni tiẹ̀, kò sí ibi tí kò sí: PS4, PS5, Xbox àtijọ́ àti tuntun, Switch, kọ̀ǹpútà. Géèmù 2003 ni nídìí, kò sì wúwo.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀ o. NieR kì í tọ́jú ibi tí ẹ dé fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́ẹ̀fù, ẹ máa ṣe é lọ́wọ́ yín. Bí NEPA bá mú iná lójijì, ohun tí ẹ ṣe láti ìgbà tí ẹ ṣe sẹ́ẹ̀fù kẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà: apá àkọ́kọ́, tó lè gba nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, kò ní ibi sẹ́ẹ̀fù rárá. Bí ẹ bá kú níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá lẹ máa padà sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, àwàdà Yoko Taro ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ tí epo ẹ̀ ti ń tán lọ ò ní rí àwàdà kankan nínú ẹ̀. Ẹ fi ìpele ìṣòro ẹ̀ sí èyí tó rọrùn jù fún apá yẹn. Ẹ lè yí i padà lẹ́yìn náà. Beyond Good & Evil àtijọ́ náà ń béèrè pé kí ẹ wá ibi sẹ́ẹ̀fù, ṣùgbọ́n nínú ti 2024 wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀fù tó ń dá ṣe ara ẹ̀ sí i. Split Fiction ò fa irú ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń tọ́jú ibi tí ẹ dé bí ẹ ṣe ń lọ.

Bí wọ́n ṣe dà á pọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbẹ̀rẹ̀ NieR ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ òfuurufú ni 2B, ọmọbìnrin róbọ́ọ̀tì tó di aṣọ dúdú mójú, wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà wà lókè gan-an, ẹ̀ ń wo ọkọ̀ yín láti orí bí ìgbà tí wọ́n ń ta àwọn géèmù ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kámẹ́rà bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di pé iwájú lẹ̀ ń yìnbọn sí. Ọkọ̀ náà na apá àti ẹsẹ̀, ó ń fi idà gé nǹkan. Kò pẹ́, 2B bọ́ sílẹ̀ nínú iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì, ó di ìjà idà lórí ẹsẹ̀. Ó gun orí afárá irin kan tóóró, kámẹ́rà sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di pé ẹ̀ ń sáré láti òsì sọ́tùn-ún, ẹ̀ ń fò. Láàárín gbogbo ìyípo yìí, kò síbi tí wọ́n ti dúró láti kọ́ yín ní nǹkan tuntun.

Ìdí tí kò fi dà yín lórí rú wà nínú ọwọ́ yín. Bọ́tìnì kan náà ni. Lórí PlayStation, R1 ń yìnbọn: bóyá ẹ wà lórí ilẹ̀, tí pod kékeré tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2B ń bá yín yìn ín, àbí ẹ wà nínú ọkọ̀. Bọ́tìnì onígun mẹ́rin ń gé nǹkan níhìn-ín, ó ń gé e lọ́hùn-ún. Ojú ló ń rí géèmù tuntun, àtàǹpàkò kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Mi ò tíì rí géèmù míì tó ṣe èyí tó báyìí, òun sì ni mo fi gbà pé NieR ló mọ iṣẹ́ yìí jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dùn bákan náà o. Nígbà tí ẹ bá dé apá kejì, tí 9S, ọmọkùnrin tó ń bá 2B rìn, di ẹni tí ẹ̀ ń darí, oríṣi eré kan tún wọlé: ó máa ń já wọ inú ọpọlọ àwọn ẹ̀rọ, ẹ ó sì di ọfà kékeré kan tó ń yìnbọn yí bọ́ọ̀lù dúdú ká nínú àpótí funfun. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dára. Nígbà tó bá di pé gbogbo ọ̀tá lẹ lè fi í pa, tó sì yá ju idà lọ, ó ń súni. Ìtàn apá kejì yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti apá kìn-ín-ní tí ẹ tún ń rìn láti ojú ẹlòmíì. Ẹ fara dà á.

Beyond Good & Evil ò yí kámẹ́rà kiri bẹ́ẹ̀. Ibi lẹ máa ń yí padà. Jade, akọ̀ròyìn àti ayàwòrán tó ń gbé nínú ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi lórí ayé kan tí wọ́n ń pè ní Hillys, ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń sá lórí omi. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ lè wọ ìdíje eré sísá, ẹ lè lé olè wọ ihò àpáta. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nílùú, ẹ lè wọ ilé ọtí Akuda lọ ta eré orí tábìlì. Bí ẹ bá wọ iléeṣẹ́ tí àwọn sójà Alpha Sections ń ṣọ́, yíyọ́ kẹ́lẹ́ ló kù: ẹ tẹ̀ ba, ẹ dúró kí ẹ̀ṣọ́ kọjá, ẹ ta ìpá sí gáàsì tó gbé sẹ́yìn, torí ibẹ̀ nìkan ni kò lágbára.

Ohun tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni kámẹ́rà Jade. Yíya fọ́tò gbogbo ẹranko tó wà ní Hillys ni wọ́n fi ń sanwó fún un, ìyẹn ni pé kòkòrò tó bá fò kọjá lójú ìjà, owó ni, ẹ sì máa rí ara yín tí ẹ̀ ń sá fún eyín ọ̀tá kí ẹ lè ya á dáadáa. Kámẹ́rà yẹn kan náà ni ẹ fi ń kó ẹ̀rí jọ nípa ohun tí àwọn sójà ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Nínú géèmù tó ku mẹ́ta, ẹ lè yọ oríṣi eré kan kúrò kí ìyókù má yí padà. Níbí, bí ẹ bá yọ kámẹ́rà, kò ku nǹkan kan. Àléébù ẹ̀ ni pé kò sí èyí tó jinlẹ̀ nínú àwọn eré náà. Ìjà ẹ̀ jẹ́ ti bọ́tìnì kan, ìdíje ọkọ̀ kò ju mẹ́rin lọ, yíyọ́ kẹ́lẹ́ náà sì ń ṣe ohun kan náà léraléra nígbà tó bá ń lọ sópin. Ẹni tó bá fẹ́ ìjà tó ń mú èèyàn làágùn ò ní rí i níbẹ̀.

13 Sentinels yàtọ̀ pátápátá: ewédú lọ́tọ̀, gbẹ̀gìrì lọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ máa pinnu èyí tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ bu. Ẹ̀ka kan jẹ́ ìtàn: ẹ̀ ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì nínú àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ á di ohun tí ẹni tí ẹ̀ ń darí lè ronú lé lórí tàbí kó bi ẹlòmíì léèrè. Ẹ̀ka kejì jẹ́ ogun: ẹ yan ọmọ ilé ìwé díẹ̀ nínú àwọn mẹ́tàlá, kálukú pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì gàgàrà tiẹ̀, àwọn kan mọ ìjà ọwọ́, àwọn kan ń yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn, àwọn kan ń fò, kí wọ́n dáàbò bo ìlú. Àkókò máa ń dúró tí ó bá kàn yín láti pàṣẹ, nítorí náà ọpọlọ ló ń jà, kì í ṣe ìka. Ẹ̀ka kẹta jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹ má sì fojú di í. Ìtàn náà lọ́jú pọ̀ débi pé láìsí i ẹ máa sọnù.

Wọ́n wá ti ilẹ̀kùn sáàárín wọn. Ẹ lè máa gbádùn ìtàn ẹnì kan, kí géèmù sọ pé kò sí ọ̀nà mọ́ àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ ja ogun báyìí tàbí kí ẹ ka ti ẹlòmíì dé ibì kan. Ó máa ń bí àwọn kan nínú. Èmi rò pé òun ló gbà á là, torí bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ ka ìtàn ẹnì kan tán lẹ́ẹ̀kan, àṣírí àwọn méjìlá yòókù ti tú nìyẹn. Ohun tí mi ò lè gbèjà ẹ̀ ni ìrísí ogun náà. Àwòrán inú ìtàn dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fẹ́ dúró wò ó, àmọ́ tí ogun bá dé, àwòrán ilẹ̀ lásán ni, iná kéékèèké ń ta lórí ẹ̀, róbọ́ọ̀tì gàgàrà ti di àmì bíńtín.

Split Fiction ní tirẹ̀ kì í tọ́jú nǹkan kan. Òǹkọ̀wé méjì ni Mio àti Zoe; iléeṣẹ́ kan fẹ́ fi ẹ̀rọ fa ìtàn jáde lórí wọn, ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì há sínú ìtàn ara wọn. Ti Mio jẹ́ ayé ọjọ́ iwájú, ti Zoe jẹ́ ayé dírágónì àti idán. Orí kọ̀ọ̀kan ń fún yín ní irinṣẹ́ tuntun, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀, tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lò báyìí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á kó òmíràn wá. Nínú orí ìlú oníná àwọ̀ mèremère, ẹ máa gun alùpùpù kan náà: Mio ló ń wà á, wọ́n ń lé yín, Zoe wà lẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Alùpùpù náà ti fẹ́ bú gbàmù fúnra ẹ̀, kò sì ní gbà kí wọ́n pa á àfi tí Zoe bá tẹ àdéhùn iléeṣẹ́ tó ṣe é, tó sì fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Nítorí náà ẹnì kan ń yà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, ẹnì kejì ń wá bọ́tìnì kékeré lórí fóònù, àwọn méjèèjì sì ń pariwo mọ́ra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tán. Ẹ ò ní rí fóònù yẹn mọ́. Níbòmíì nínú géèmù náà, ẹ̀yin méjèèjì máa di ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ tó di sọ́séèjì. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kí nǹkan máa yí padà á gbádùn ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí òun mọ nǹkan kan dájú kó sì máa dára sí i lójoojúmọ́, bíi ti ìjà idà NieR, á rò pé wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Ẹ sì rántí pé ìdajì rẹ̀ nìkan ni ayé ọjọ́ iwájú.

Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ ta á?

Ẹni kan ló ń ta mẹ́ta nínú wọn. Split Fiction ò gba ẹni kan rárá. Èèyàn méjì ni dandan, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá yín ta á. Ẹ lè jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú pádì méjì, wọ́n á pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì. Ẹ sì lè ta á láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí nǹkan tí wọ́n ń pè ní Friend's Pass ti wúlò: ẹnì kan ló máa ra géèmù náà, ẹnì kejì á wa ti tiẹ̀ wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ̀rọ wọn tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tó ní PS5 lè bá àbúrò ẹ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn ta á. Íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Àwọn ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ níbẹ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ń fà, ẹni tó wà ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dára ni wọ́n máa dá lẹ́bi ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá lè rí ẹni tí ẹ jọ wà nílé kan náà, ìyẹn ló dáa jù.

Ẹni tí ẹ bá mú wá ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò di pádì mú rí o. Kíkú ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìyà nínú ẹ̀, ẹ ó kàn jí padà ni, ṣùgbọ́n ìdúró de ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń darí kámẹ́rà máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ìṣòro àti ìwé kíkà

NieR ló le jù, òun náà ló sì rọrùn jù bí ẹ bá fẹ́: bí ẹ bá fi sí èyí tó rọrùn jù, àwọn chip kan wà tó ń bá yín gé, tó ń bá yín yẹ̀ fún ọta, ẹ ó kàn máa rìn. 13 Sentinels náà ní ìpele ìṣòro tí ẹ lè dín kù. Ohun tó le nínú ẹ̀ ni ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni, ó pọ̀, ó ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín ìgbà oríṣiríṣi, ẹni mẹ́tàlá ni ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rántí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíkà, kò sí bí ogun ẹ̀ ṣe dùn tó, kó má rà á.

Ìtàn wọn

Split Fiction, ẹ má tìtorí ìtàn ra á. Ọ̀gá burúkú ẹ̀ burú bí ọ̀gá burúkú ṣe ń burú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì máa ń dà bí ohun tí wọ́n kọ ní kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ń jinlẹ̀ sí i bó bá ń lọ sópin.

Beyond Good & Evil bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ará Nàìjíríà ò ní nílò àlàyé fún. Ọdún 2435 ni, àwọn DomZ ń ti ojú ọ̀run kọlu Hillys, ilé iná tí Jade àti àwọn ọmọ aláìlóbìí ń gbé ní ààbò tó lè bo gbogbo wọn. Àfi tí wọ́n bá wá fẹ́ tan ààbò náà, kò tàn, torí owó iná ò tíì wọlé. Ìdí nìyẹn tí Jade fi gba iṣẹ́ fọ́tò. Láti orí bíìlì iná ni ìtàn náà ti ń gòkè lọ sí ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba tó ń parọ́ fún ará ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n àti àwọn tó ń sá pamọ́ láti tú àṣírí. Pey'j, ẹlẹ́dẹ̀ àgbàlagbà tó tọ́ Jade dàgbà, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹni tó wà nínú géèmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ó parí síbi tí ọ̀rọ̀ ṣì kù. Láti 2008 ni wọ́n ti fi àwòrán apá kejì hàn, a ò tíì rí i rà.

Ti 13 Sentinels, mi ò lè sọ púpọ̀ láìba nǹkan jẹ́. Japan ọdún 1985, ọmọ ilé ìwé, róbọ́ọ̀tì. Ológbò kan ń sọ̀rọ̀, ó ń rán ọmọbìnrin kan kó lọ yìnbọn fún àwọn èèyàn. Ọmọkùnrin kan há sínú ọjọ́ kan náà tó ń tún ara ẹ̀ ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ máa rò pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ máa tú ìdì ọ̀rọ̀, òun ló dáa jù nínú àwọn mẹ́rin fún ìyẹn nìkan.

NieR wá ń kọ́? Ọdún 11945, àwọn ẹ̀dá láti ayé míì ti fi ẹ̀rọ kún ilẹ̀ ayé, wọ́n ní ọmọ èèyàn ti sá lọ sí orí òṣùpá, wọ́n ń rán àwọn bíi 2B wá gbà á padà. Ẹ ó wá pàdé ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọba nínú igbó, ẹ̀rọ tó ń jó ní ibi ìgbafẹ́ tó ti dahoro, Pascal tó kó àwọn ẹ̀rọ tí kò fẹ́ jà jọ sí abúlé kan tó sì ń ka ìwé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. Ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ẹni tí ẹ̀ ń gé. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ yí kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ má jẹ́ kó tàn yín; ìparí A nìyẹn. Square Enix fúnra wọn fi ìkéde kan sí i láti bẹ̀ yín pé kí ẹ máa bá a lọ. Ìparí E ni ọ̀rọ̀ tán sí. Àpapọ̀ ìparí ibẹ̀ jẹ́ 26, láti A dé Z, ṣùgbọ́n ìyókù jẹ́ ẹ̀fẹ̀ púpọ̀: bí 2B bá jẹ ẹja kan báyìí tí wọ́n kìlọ̀ pé kó má jẹ, ó kú, ìparí K nìyẹn. Orin Keiichi Okabe nínú géèmù yìí, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ẹ má fi gbóhùngbóhùn tẹlifíṣọ̀n gbọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ti ọmọ ọdún 17 sókè ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀; ẹ má gbé e fún ọmọdé nítorí pé róbọ́ọ̀tì wà lára páálí.

Owó àti wákàtí

Beyond Good & Evil ti 2024 jáde ní $19.99, ẹ lè tán an láàárín nǹkan bí wákàtí 10 sí 12. Split Fiction jáde ní $49.99, wákàtí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló ń jẹ owó kan. 13 Sentinels jáde ní $59.99, ó sì tó nǹkan bí wákàtí 30. NieR tó ti pẹ́ lọ́jà máa ń já wálẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n bá ṣe ẹ̀dínwó; tí ẹ bá dé ìparí E, wákàtí tí ẹ ó ti lò á wà láàárín 20 sí 40, ó kù sí bí ẹ bá ṣe ń dúró ṣe iṣẹ́ kéékèèké ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, èwo?

Ẹni tí kò tíì mọ irú géèmù yìí, tàbí tí owó ò pọ̀, kó mú Beyond Good & Evil. Tọkọtaya, ọ̀rẹ́ méjì, àbúrò tó ti dàgbà díẹ̀: Split Fiction, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ka ìwé ìtàn di òru, tó sì ní PS4 tàbí Switch: 13 Sentinels. Gbogbo ẹni tó kù, tó bá lè mú sùúrù kọjá ìparí A: NieR. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ nínú ilé mi, òun ni.

Ẹ má sanwó kí ẹ tó tọ́ ọ wò, bí àyè ẹ̀ bá wà. Wọ́n ṣe dẹ́mò fún NieR lórí PS4, inú iléeṣẹ́ àpatì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló wà, wọ́n sì ṣe ti 13 Sentinels náà. Ti Split Fiction, ẹ wá ọ̀rẹ́ tó ti ra á, kó fi Friend's Pass pè yín wọlé. Ẹ lè ta á dé òpin láìra géèmù náà.